Flamingo: 0

Àwòrán kan ló tàn mí jáde nílé. Ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi: omi tẹ́ rẹrẹ, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n ń pè ní flamingo dúró sínú rẹ̀ lọ súà bí ẹni pé wọ́n da osùn sójú omi. Mo wò ó títí, mo ní èmi náà á fi ojú ara mi rí i. N kò bi ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé oṣù wo ni wọ́n ya àwòrán náà, n kò tilẹ̀ bi í pé ọdún wo. Mo ṣáà mọ ọ̀nà àbàtà náà, mo mọ̀ pé wọ́n ti fi òfin dáàbò bò ó nítorí àwọn ẹyẹ inú rẹ̀, mo sì ní awò awòjìnnà kan tó ti wà nínú àpótí láti ọdún mẹ́ta, tí n kò lò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Àṣìṣe ọjọ́ náà pọ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo dé nígbà tí oòrùn ti ń ta, bẹ́ẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ẹyẹ ń jẹun jù. Nígbà tí mo fi dé, èyí tó yó ti yó, wọ́n ti wọ inú koríko lọ sinmi. Mo wá ń rìn lórí afárá pákó bí ẹni tó ń lọ gba gbèsè: kò, kò, kò. N kò tíì dé ìdajì afárá tí ohun kan fi han gooro nínú eèsún, agbo ẹyẹ kan gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ó di òdìkejì omi. N kò rí ojú ọ̀kan nínú wọn. Ìdí wọn ni mo rí.

Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Ó jọ pé òwe yẹn kò tíì dé etí àwọn ẹyẹ àbàtà, torí èyí tó kọ́kọ́ rí mi ló ké ìbòòsí mi fún gbogbo ìlú.

Ìparí afárá ni ilé pákó kékeré kan wà, tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó bá wá wo ẹyẹ. Fèrèsé rẹ̀ gùn, kò fẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á rí ìta, ará ìta kò sì ní rí i. Màmá kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé awò ńlá kan lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ sórí itan, wọ́n sì so pẹ́ńsùlù mọ́ ìwé náà. Mo kí wọn. Wọ́n dáhùn láìgbé ojú kúrò nínú awò.

"Jókòó. Má wọ́ àga nílẹ̀."

Mo jókòó. Mo fara dà á fún bí ìṣẹ́jú kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, apá ibo ni àwọn flamingo wà?"

"Wọn ò sí."

"Ṣé wọ́n á dé tó bá yá?"

"Mo ní wọn ò sí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣàlàyé, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Flamingo kì í gbé ojú kan. Ó máa ń da orí kodò sínú omi, á fa omi sẹ́nu, á fi ahọ́n tì í jáde, ewé omi tíntìntín àti edé wẹ́wẹ́ inú omi náà á sì kù sí i lẹ́nu bí ẹni fi asẹ́ sẹ́ nǹkan. Inú oúnjẹ yẹn ló ti ń rí àwọ̀ rẹ̀. Funfun tó ṣá bí eérú ni wọ́n ń bí i. Tí òjò bá pọ̀ jù tí omi sì jìn, tàbí tí ọ̀dá fa omi gbẹ, á wá ibòmíràn lọ. Ibi tí ẹ rí i lọ́dún kan, ẹ lè má rí ìyẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún kejì.

Wọ́n ya ewé kan nínú ìwé wọn, wọ́n nà án sí mi pẹ̀lú pẹ́ńsùlù mìíràn. "Kọ ọ́. Flamingo, òdo."

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo kọ ọ́ ṣá, nítorí ojú àgbà.

Kí n sọ òótọ́ nípa ara mi. Kó tó dọjọ́ yẹn, ojú tí mo fi ń wo àbàtà ni pé ilẹ̀ tí kò tíì dára ni: ilẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa da yanrìn sínú rẹ̀ kó tó di ilẹ̀. Ẹ̀fọn, ọ̀pọ̀lọ́, òórùn ẹrẹ̀, ó tán. N kò dá ronú bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé láàárín 1970 sí 2015, nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àbàtà àti ilẹ̀ olómi ayé ti pòórá. Àwọn tó sì ń gbẹ́jọ́ rò fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1971, nílùú Ramsar lórílẹ̀-èdè Ìránì, létí Òkun Caspian, ni àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fọwọ́ sí àdéhùn láti dáàbò bò ó. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó kó wọn jọ lọ́jọ́ náà. Ìtumọ̀ tí àdéhùn yẹn fún ilẹ̀ olómi gbòòrò ju bí mo ṣe rò lọ: irà, àbàtà, ọ̀sà, èyí tí Ọlọ́run dá àti èyí tí èèyàn gbẹ́, omi tó ń ṣàn àti èyí tó dúró, aládùn àti oníyọ̀, títí dé etíkun níbi tí omi kò bá ti jìn ju mítà mẹ́fà lọ nígbà tó bá fà sẹ́yìn. Ọ̀kan lára òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ èyí tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé ni pé kí ó máa gba 20,000 ẹyẹ omi, ó kéré tán, lóòrèkóòrè.

Ta wá ló ń ka 20,000 ẹyẹ? Màmá tó ní kí n má wọ́ àga nílẹ̀ ni. Oṣù kìíní ni ọjọ́ tí mò ń wí yìí bọ́ sí, oṣù kìíní sì ni wọ́n máa ń ka ẹyẹ omi kárí ayé lọ́dọọdún, láti 1967. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Àwọn èèyàn bíi tiwọn ni, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, nínú òtútù ìdájí.

Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé n kò lọ. Wọ́n ní kí n gbé awò mi sójú. Mo gbé e. Ewé ni mo rí. Mo tún un gbé, ojú ọ̀run. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: á wo ẹyẹ, á wo awò, á wá máa fi awò wá ẹyẹ kiri. "Má yọjú kúrò lára ẹyẹ. Awò ni kó wá bá ojú rẹ." Ó gbà mí ní ìgbà mẹ́rin, márùn-ún. Ìgbà tó ṣe déédéé, àfi bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ẹyẹ tó ti jẹ́ àmì dúdú lásán lórí ẹrẹ̀ wá di ẹni tó ní ojú, tó ń fi ẹsẹ̀ họ ẹ̀yìn orí, tí omi ń kán tó tó lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ní kí n gbàgbé àwọ̀ ìyẹ́ ná. "Ẹnu ni kí o wò."

Láti ìgbà náà ni ẹrẹ̀ yẹn ti yí padà lójú mi. Pẹ́pẹ́yẹ ṣíwájú: wọ́n da orí sómi, ìdí wọn dúró gangan sókè, ẹnu pẹlẹbẹ wọn ní eyín wẹ́wẹ́ bí ìyarun létí, òun ni wọ́n fi ń sẹ́ omi. Nítòsí wọn ni ẹyẹ ńlá funfun kan wà tí àgógó rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bíi ṣíbí. Ó la ẹnu díẹ̀ sínú omi, ó ń gbá a sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń gbálẹ̀, ohunkóhun tó bá kàn án ló ń pa ẹnu dé. Ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ gígùn, ọrùn rẹ̀ ká bí ejò, kò mira fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mo ti ń rò pé igi ni, àfi tí ọrùn yẹn nà fìrì, tí ẹja sì ń jà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ní ẹnu kúkúrú àti ojú ńlá: wọ́n á sáré, wọ́n á dúró, wọ́n á wò, wọ́n á ṣá a. Ojú ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Àwọn mìíràn tí ẹnu wọn gùn kò lo ojú rárá. Wọ́n ń gún ẹrẹ̀ bí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ, nítorí pé ihò wẹ́wẹ́ kún egungun ṣóńṣó ẹnu wọn, ìṣan ìmọ̀lára sì wà nínú àwọn ihò náà. Ṣóńṣó yẹn nìkan ni wọ́n lè là sínú ilẹ̀, kí ìyókù ẹnu wà ní pípadé. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ gùn tó ìka kan kò lè dé ibi tí ekòló ẹni tí tirẹ̀ gùn tó àtẹ́lẹwọ́ wà. Mo ti ń wo ojú kan ṣoṣo, àwọn ń jẹ nínú àjà mẹ́ta, mẹ́rin.

"Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹẹ́ fò láìfara kanra," màmá ní. "Ẹrẹ̀ náà tó wọn í jẹ láìfẹnu kanra."

Orí ewé òṣíbàtà ni èyí tí mo fẹ́ràn jù wà. Jacana ni wọ́n ń pè é. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ìwọ̀n ara rẹ̀ máa ń tàn ká, ewé náà kò sì ní rì. Akọ ló ń sàba lé ẹyin, akọ náà ló ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, á máa gbé wọn lọ, ẹsẹ̀ wọn á wá máa yọ jáde níbẹ̀ bí ẹni pé bàbá náà ti hu ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Abo ti lọ bá ọkọ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lékeléke wà níbẹ̀ pẹ̀lú, n kò sì kà á sí, ojú ti mọ̀ ọ́n jù. Màmá rí i pé mo fo ó. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ pé lékeléke ti dá rékọjá Òkun Àtìláńtíìkì láti Áfíríkà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e. Ní nǹkan bí 1877 ni wọ́n rí i ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, lápá ibi tí Guyana àti Suriname wà. Nígbà tó di 1941 ó ti dé Àríwá Amẹ́ríkà, ní 1953 ó ti ń tẹ́ ìtẹ́ ní Florida. Ibi tí ó bá bá màlúù ló ń jókòó tì, nítorí kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń tú sókè. Kò gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: lékeléke, 44.

Ẹyẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an kò tó nǹkan lójú. Ó wà lẹ́bàá omi, ó kéré, ó jọ àwọ̀ ilẹ̀, ó ń rìn, ó ń ṣá nǹkan lójú omi, ó sì ń mi ìdí. Mo ní, "Mà, ológoṣẹ́ omi rèé." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé awò wọn yẹ̀.

Ó ní ìlà funfun lókè ojú bí ìpéǹpéjú ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn. Àmì tótòtó kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ pupa bí ọsàn, ó tún fẹ́ tutù bí ewé. Ìbátan rẹ̀ kan wà tó ṣókùnkùn jù ú lọ, tí abẹ́ apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Òmíràn wà tí funfun àyà rẹ̀ yọ sókè níwájú apá, tí kò sì ní í jáwọ́ nínú ìdí mímì lójoojúmọ́ ayé. Mo kọ orúkọ èkíní, mo pa á rẹ́. Mo kọ ti èkejì, mo pa ìyẹn náà rẹ́. Ẹyẹ náà wá fò.

"Kí lo rí?"

"N kò rí nǹkan kan mà. Ìdí rẹ̀ nìkan ni."

"Báwo ni ìdí náà ṣe rí?"

"Funfun."

"Àwọ̀ abẹ́ apá ńkọ́?"

"Kò dúdú. Ó ṣá."

Wọ́n ní, ó tán. Wood sandpiper ni. Gbogbo àárọ̀ ni mo ti ń bínú pé ìdí ẹyẹ nìkan ni mò ń rí, bẹ́ẹ̀ ìdí yẹn ló yẹ kí n ti máa wò látilẹ̀.

Ẹyẹ yìí kì í sábà wọ̀n ju 60 tàbí 70 gíráàmù lọ. Àwọn irà inú igbó àríwá ni wọ́n ń bí i sí, láti apá Scandinavia títí la Rọ́ṣíà já. Ilẹ̀ ló sábà máa ń yé sí, àmọ́ nígbà mìíràn á lo ìtẹ́ àlòkù ẹyẹ mìíràn lórí igi. Bí òtútù bá ń bọ̀, á gbéra lọ sí Áfíríkà, gúúsù Éṣíà, tàbí Ọsirélíà. Ọwọ́ ọmọdé ká a, ó sì rin ìrìn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní rìn láyé.

Kò tíì pẹ́ rárá tí aráyé gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀ gbọ́. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù gbà pé ìsàlẹ̀ adágún ni alápàńdẹ̀dẹ̀ ń lọ sùn sí nígbà òtútù. Ní 1822, àkọ̀ kan bà nítòsí Klütz ní ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú ọ̀kọ̀ tó gún ọrùn rẹ̀ wọlé, tó yọ jáde. Ọ̀kọ̀ àwọn ará Áfíríkà ni. Ẹyẹ náà ti gbé e fò láti ibi tí wọ́n ti jù ú títí dé ibẹ̀. Wọ́n pa á, wọ́n gbẹ ẹ́, ó wà ní Yunifásítì Rostock títí dòní. Mo rò ó wò: ọdẹ kan ju ọ̀kọ̀, ó tàsé ẹran ọbẹ̀, kò sì mọ̀ títí ó fi kú pé òun ti fèsì ìbéèrè àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní 1899 ni Hans Christian Mortensen ní Dẹ́ńmáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka tó ní nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ó sàn ju ọ̀kọ̀ lọ. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń so mọ́ wọn, òun ló jẹ́ ká mọ̀ pé ní 2022, ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní bar-tailed godwit, tí kò ju ọmọ nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ, fò láti Alaska ní Amẹ́ríkà dé Tasmania ní Ọsirélíà. Ó jẹ́ 13,560 kìlómítà, ó gbà á ní ọjọ́ mọ́kànlá, kò bà síbì kankan. Bí ẹyẹ yìí bá fẹ́ gbéra, á kọ́kọ́ jẹ ọ̀rá sára, àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ bí ìwe àti ìfun á wá súnkì, nítorí ẹni tí kò ní jẹun lọ́nà kò nílò ẹrù ìkòkò.

Kò rọrùn kí èèyàn gbọ́ ìyẹn tán, kó tún sọ pé òun kò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà nítorí pé kò sí flamingo.

Wọ́n kọ́ mi ní kíkà kí n tó lọ. Agbo pẹ́pẹ́yẹ ni. Èèyàn á ka mẹ́wàá, á wo ààyè tí mẹ́wàá náà gbà, á wá máa gbé ààyè yẹn ká orí agbo bí ẹni fi ẹní wọn yàrá. Mo ní 200. Wọ́n ní kí n tún un kà, ó di bí 340. Bí mo ṣe ń parí ìkẹta, àwòdì kan yọ lókè eèsún, gbogbo pẹ́pẹ́yẹ gbéra, wọ́n dà rú bí ọjà tí iná sọ. Màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí ojú ewé tuntun, wọ́n kọ aago sí orí rẹ̀, wọ́n ń dúró kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ bà.

Níbẹ̀ ni mo ti bi wọ́n nípa òdo. Kí ni ìwúlò kí a kọ ohun tí kò sí sílẹ̀? Wọ́n ní bí mi ò bá kọ ọ́, ẹni tó bá ka ìwé náà lọ́dún mẹ́wàá sí i kò ní mọ̀ bóyá flamingo kò wá ni, tàbí bóyá kò sẹ́ni tó lọ wò. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan má sí, ọ̀tọ̀ ni kí ojú má ti dé ibẹ̀. Àwọn ẹyẹ tó dín kù ní ibòmíràn, òdo tí ẹnì kan fi sùúrù kọ lọ́dọọdún ló tú wọn fó. "Àmọ́ má kọ ohun tí o kò rí," wọ́n ní. "Má fi ìfẹ́ kún un."

Mo padà síbẹ̀ lóṣù kẹfà, èmi nìkan. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú ni mo wọ̀, mo dé kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì gbé ẹsẹ̀ lórí afárá bí olè. Kò sẹ́nì kan nínú àgọ́. Omi ti kún bo ibi tí ẹrẹ̀ wà lóṣù kìíní. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀. Àwọn àlejò ti lọ sí àríwá, onílé ló kù. Jacana, 7, ọ̀kan nínú wọn ní ẹsẹ̀ púpọ̀ lábẹ́ apá. Lékeléke, 31. Ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú kan na apá rẹ̀ méjèèjì sí oòrùn lórí kùkùté, nítorí omi máa ń wọ ìyẹ́ tirẹ̀ bó bá rì sódò: 1. Mo fi wákàtí méjì wo etí omi láti ọ̀tún dé òsì, mo wò ó láti òsì dé ọ̀tún, kí n tó kọ ọ́: Wood sandpiper, 0. Flamingo, 0.

Mo ti ń ti awò bọ àpò rẹ̀ nígbà tí nǹkan kan sáré kọjá létí eèsún. Ó kéré, ó jọ àwọ̀ ilẹ̀. Màmá ti sọ fún mi rí pé àwọn ọmọdé inú wọn, àwọn tí kò tíì dàgbà tó láti yé ẹyin, nígbà mìíràn kì í bá agbo lọ. Mo yọ awò padà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo dúró kó fò. Kò fò, ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú koríko, ó dojú kọ mí títí ó fi wọlé, n kò sì rí ìpéǹpéjú rẹ̀ nínú òjìji yẹn.

Mo dúró títí oòrùn fi mú. Mo fi rọ́bà pa òdo wood sandpiper rẹ́. Ohun tí mo kọ sí ààyè rẹ̀ ni: Kékeré, àwọ̀ ilẹ̀, n kò rí ìdí rẹ̀, 1. Ti flamingo, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.